Ọsàn dídùn tó di lẹ́mọ́ọ̀nù: àkọsílẹ̀ igi kan ní Adó-Èkìtì

Igi ọsàn tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí wà ní àgbàlá ilé kan ní ojú ọ̀nà Ìwòrókò, ní ìta Adó-Èkìtì. Ọdún 2007 ni bàbá onílé gbìn ín, kó tó papò dà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fi so ọsàn dídùn tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí omi rẹ̀ pọ̀, tí gbogbo ilé ń bó mu nígbà ọyẹ́. Ní Bélú 2023, ó tún so lẹ́yìn tó ti dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó so kì í ṣe èyí tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Èso náà pọ́n rúsúrúsú, èèpo rẹ̀ nípọn, ó ní kókó lára bí awọ ọ̀pọ̀lọ́, ó sì kan débi pé ehín á kan ẹni tó bá fi sẹ́nu.

Oríṣiríṣi ni ìyá onílé gbọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ ti ṣá. Wọ́n ní ẹnìkan ti ṣe nǹkan sídìí igi. Àwọn kan ní oyin ló gbé ìyẹ̀fun òdòdó ọsàn wẹ́wẹ́ aládùúgbò wá. Ilẹ̀ tó ṣá lè mú kí èso kéré tàbí kó má dùn tó tàtẹ̀yìnwá, kò lè sọ èèpo fẹ́lẹ́ di eléèpo kókó. Ìyẹ̀fun òdòdó náà kò lè ṣe é: inú hóró nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń hàn, ara ìyá igi ni èèpo àti omi ọsàn ti wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé igi ọsàn kọ́ ló so. Igi mìíràn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló gba ipò rẹ̀, àdá tí wọ́n fi bẹ́ ẹ lórí ní Ṣẹ́rẹ́ 2021 ló sì ṣínà fún un.

Bí wọ́n ṣe gé e

Àfòmọ́ ló fa gígé. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ní Èkìtì, ọsàn, kòkó àti obì wà lára àwọn tó ń bá tan jù. Ẹyẹ ló ń gbé e kiri. Hóró èso rẹ̀ ń lẹ̀ bí àtè. Ẹyẹ á nu ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka tàbí kó yàgbẹ́ síbẹ̀, hóró á lẹ̀ mọ́ igi, á ki ọwọ́ bọ inú èèpo, á sì máa mu omi onílé. Bó bá pẹ́, ẹ̀ka á wú bí orúnkún níbẹ̀, èyí tó wà níwájú ibi tó wú á sì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ọdún 2020 fi ń parí, àfòmọ́ ti wà lórí ẹ̀ka mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án. Ó yẹ kí wọ́n gé e lóòótọ́. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó gé ẹ̀ka tó burú jù ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ẹ̀yìn ibi tó wú, ní ìhà tó kọjú sí ìtì igi, nítorí ọwọ́ àfòmọ́ máa ń rìn nínú igi kọjá ibi tí ojú rí. A kì í gé ju ẹ̀ka mẹ́ta lọ lọ́dún kan lórí igi tó rẹ̀. Lórí àwọn tó kù, a ó máa fa ìdì àfòmọ́ náà já kó tó so, kí ẹyẹ má baà rí nǹkan gbé lọ. Fífà á já kì í pa á, ó kàn ń dá a dúró ni títí àkókò gígé ẹ̀ka náà á fi tó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n pè kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi àdá bẹ́ gbogbo orí igi lọ́jọ́ kan, ó ku kùkùté tó ga tó mítà kan àtààbọ̀, kò sí ewé kan lára rẹ̀.

Inú ọyẹ́ ni Ṣẹ́rẹ́ wà. Òjò ti dá láti Bélú, kò sì ní í fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di Ẹrẹ́nà tàbí Igbe. Igi tí a bẹ́ lórí lásìkò yẹn kò lómi tó fi máa tètè yọ ewé mìíràn, ojú egbò rẹ̀ á gbẹ, á sán. Ewé ọsàn sì ni agboòrùn ọsàn: èèpo ìtì tó ti wà lábẹ́ òjìji fún ọdún mẹ́tàlá kò mọ oòrùn. Ní Ṣẹ́rẹ́, apá gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá lórí wa, èyí tó gbóná jù lọ́sàn-án sì ń ti ìhà gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn wá. Ìhà yẹn gan-an ni èèpo kùkùté ti jóná, tó sán láti òkè wá sísàlẹ̀, tí kòkòrò àti olú fi gbabẹ̀ wọlé.

Wọn kò dá igi ọsàn nìkan gé lọ́jọ́ náà. Máńgòrò tó wà lẹ́bàá kànga ti ń tanná. Orí ṣóńṣó ẹ̀ka tó ti gbó ni òdòdó máńgòrò ń jókòó sí, nítorí náà ẹni tó bá gé ṣóńṣó ní Ṣẹ́rẹ́ ti gé èso ọdún náà dànù. Lẹ́yìn ìkórè ni a ń gé máńgòrò, ní Òkúdù sí Agẹmọ, kí ẹ̀ka tuntun lè gbó kí ọyẹ́ tó dé. Bougainvillea, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tó wà lórí ògiri, náà wà nínú ìtànná, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ìgbà ẹwà rẹ̀; ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó yẹ ká ké e, ká sì fi í lọ́rùn sílẹ̀ láti Ọwẹ́wẹ̀. Ọgbà ixora nìkan ni kò rí ibi jù, òun náà sì pupa lẹ́tí ewé títí òjò fi rọ̀. Kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tó dára fún gbogbo igi àgbàlá, ẹni tó bá sì fẹ́ fi owó iṣẹ́ ọjọ́ kan gé gbogbo rẹ̀ á pàdánù nǹkan kan.

Igi méjì nínú ẹyọ kan

Ọsàn tí a rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú irúgbìn kì í ṣe igi kan. Wọ́n sábà máa ń gbin hóró lẹ́mọ́ọ̀nù eléèpo kókó, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, ó sì fara da ọ̀dá. Nígbà tí ọmọ igi náà bá nípọn tó pẹ́ńsùlù, wọ́n á yọ ojú kan, ìyẹn ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń rú jáde, lára ọsàn dídùn, bí irú Agége, wọ́n á lọ́ ọ sára rẹ̀ ní 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀. Tí ojú náà bá jí, wọ́n á gé orí lẹ́mọ́ọ̀nù kúrò. Lẹ́mọ́ọ̀nù di ẹsẹ̀, ọsàn di orí.

Ẹsẹ̀ náà kò kú. Níwọ̀n ìgbà tí orí bá ń dàgbà, ohun tó ń ti ọ̀mùnú òkè sọ̀ kalẹ̀ máa ń mú kí ojú tó wà nísàlẹ̀ sùn. Bí a bá bẹ́ orí lójijì, wọ́n á jí.

Ní Ẹrẹ́nà 2021, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, èéhù sì yọ láti ìdí igi. Inú ará ilé dùn pé igi ti jí, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Márùn-ún lára wọn di ẹ̀ka tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ láàárín ọdún mẹ́ta. Kò sí ẹni tó lè rí i pé abẹ́ ojú ìlọ́, ibi tí ọsàn ti so mọ́ lẹ́mọ́ọ̀nù, ni wọ́n ti yọ, torí ojú ìlọ́ ti wọlẹ̀: ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi ń gbá ewé àti erùpẹ̀ jọ sídìí igi náà, wọ́n rò pé ìdí igi ló yẹ kó máa jẹ oúnjẹ. Gbòǹgbò kéékèèké tó jìnnà sí ìtì ló ń jẹun. Ilẹ̀ tó bá bo ojú ìlọ́ ń mú kí èèpo ọsàn dídùn máa rà, oje á sì máa ṣàn níbẹ̀.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò, Èrèlé 2024

Ọkọ́ kékeré àti ọwọ́ ni wọ́n fi wú ilẹ̀ ìdí igi kúrò, kò sí ẹni tó fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ, kó má baà ṣá gbòǹgbò. Nígbà tí ilẹ̀ tó jìn tó 18 sẹ̀ǹtímítà kúrò, ojú ìlọ́ hàn: ìlà tó yí ìtì ká bí ìgbàdí, tí èèpo òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò jọra. Gbogbo ẹ̀ka márààrún wà lábẹ́ ìlà yẹn. Lókè rẹ̀, ní ìhà àríwá tí oòrùn kò jó, ẹ̀ka kan ṣoṣo wà, kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ, ó ti tẹ̀ nítorí òjìji àwọn tó kù.

Ewé ni wọ́n fi mọ èwo ni èwo. Ọ̀mùnú lẹ́mọ́ọ̀nù yìí àti òdòdó rẹ̀ tí kò tíì là máa ń ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀; ọ̀mùnú ọsàn dídùn tutù yọ̀yọ̀, òdòdó rẹ̀ funfun láú. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé ewé ọsàn dídùn dúró ní ìyẹ́ tóóró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ti lẹ́mọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní. Bí a bá fọ́ ewé lọ́wọ́, òórùn lẹ́mọ́ọ̀nù kò ṣe é ṣì mọ̀. Ẹ̀gún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò, ẹ̀gún kò sì tó láti fi dájọ́: ẹ̀ka ọsàn dídùn tó bá ń sáré dàgbà máa ń hu ẹ̀gún tó gùn.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá kí wọ́n hú igi náà. Igi tuntun tí a lọ́ máa ń tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so ohun tó nítumọ̀. Wọ́n fi ìdí ọ̀bẹ kan ìtì yíká lábẹ́ ojú ìlọ́. Ibi tó bá ti dún bí igbá, ó ti rà nínú. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló dún bẹ́ẹ̀. Ká ní ó ju ìdajì lọ ni, ì bá dára kí wọ́n hú u, kí wọ́n sì gbin òmíràn síbò mìíràn. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò yè, ẹ̀ka ọsàn dídùn kan yè, ìyá kò sì fẹ́ kí igi ọkọ òun kúrò nílẹ̀. Wọ́n gbà láti tún un ṣe.

Iṣẹ́ Igbe

Wọ́n dúró títí òjò fi rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì yan òwúrọ̀ tí ara igi gbẹ. Ayùn ọwọ́ tó tẹ̀ àti sísọ́ọ̀sì ìgéka ni wọ́n lò. Àdá kò sí níbẹ̀, nítorí ṣe ni àdá ń fọ́ igi. Wọ́n po bílíìṣì ife kan mọ́ omi ife mẹ́sàn-án, wọ́n sì ń ki irin bọ̀ ọ́ lẹ́yìn gbogbo ibi tó rà tí wọ́n bá gé. Bílíìṣì máa ń jẹ irin, nítorí náà wọ́n fi omi ṣan irinṣẹ́ nígbẹ̀yìn, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n fi òróró pa á.

Mẹ́ta nínú ẹ̀ka lẹ́mọ́ọ̀nù márùn-ún ni wọ́n gé, àwọn tó ṣíji bo ẹ̀ka ọsàn. Wọn kò gé gbogbo rẹ̀. Ewé lẹ́mọ́ọ̀nù wọ̀nyẹn ló ń bọ́ gbòǹgbò látọdún 2021; ẹni tó bá kó wọn lẹ́ẹ̀kan náà tún ti ṣe iṣẹ́ Ṣẹ́rẹ́ 2021 lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ayùn kan ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́ ẹ láti abẹ́, ní 30 sẹ̀ǹtímítà sí ìtì, wọ́n dúró nígbà tí ayùn wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́ ẹ láti òkè, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí iwájú ibi àkọ́kọ́, títí ẹ̀ka fi já. Bí a kò bá kọ́kọ́ rẹ́ abẹ́, ìwúwo ẹ̀ka á fa èèpo ìtì ya wálẹ̀. Kùkùté kúkúrú tó kù ni wọ́n wá gé mọ́ ọrùn ẹ̀ka, ìyẹn ibi tó wú díẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ìtì. A kì í gé ọrùn yẹn fúnra rẹ̀, a kì í sì í fi kùkùté sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni èèpo tuntun ti ń wá bo egbò. Kùkùté á kú, á rà, á sì gbé ìrà náà wọ inú ìtì.

Kùkùté tó jóná, wọ́n gé e sílẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lókè ibi tí ẹ̀ka ọsàn ti yọ, wọ́n gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí omi òjò máa ṣàn lọ sí ìhà kejì. Èèpo òkú tó ti ṣí ni wọ́n fi ọ̀bẹ yọ títí dé ibi tó tutù.

Ọmọkùnrin ìyá ti gbé ọ̀dà wá láti fi kun ojú egbò. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ń lo ọ́ìlì mọ́tò. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà ní kó gbé e padà. Ara igi kì í san bí ara ènìyàn. Ṣe ni igi máa ń mọ odi láti inú láti fi sé ibi tó bàjẹ́ mọ́. Alex Shigo, onímọ̀ igi ará Amẹ́ríkà, la ọ̀pọ̀ igi yẹ́lẹyẹ̀lẹ láti fi hàn bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé ọ̀dà kò dá ìrà dúró. Ọ̀rinrin ni ọ̀dà ń há mọ́ egbò. Ọ̀dà funfun olómi, irú èyí tí a fi ń kun inú ilé, ní iṣẹ́ tirẹ̀: wọ́n po ó mọ́ omi ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n fi kun èèpo ìtì tó ṣí sí oòrùn, wọn kò fi kan ojú egbò.

Wọ́n fi ọparun gbé ẹ̀ka ọsàn dúró, wọ́n fi àkísà dì í kí okùn má baà gé e lọ́rùn. Ajílẹ̀ adìyẹ tó ti jẹrà, garawa méjì, ni wọ́n fọ́n káàkiri, láti 60 sẹ̀ǹtímítà sí ìtì lọ síwájú. NPK, ìyẹn ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, kò sí nínú rẹ̀ lóṣù yẹn: oúnjẹ tó lágbára jù lẹ́yìn gígé, èéhù lẹ́mọ́ọ̀nù ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Èéhù náà sì wá. Láti Igbe dé Agẹmọ, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń yẹ ìdí igi wò. Èyí tí kò tíì le, ọwọ́ ni wọ́n fi ya á kúrò, wọn kò fi ọ̀bẹ gé e. Yíya máa ń kó àwọn ojú kéékèèké ìdí rẹ̀ lọ. Bí ọ̀bẹ bá gé ẹyọ kan, mẹ́ta lè hù níbẹ̀.

Ojú mẹ́rin

Ẹ̀ka lẹ́mọ́ọ̀nù méjì tó kù ni wọ́n lọ́ ọsàn dídùn sí ní Òkúdù, kó má baà jẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo ni gbogbo ìrètí wà lé. Àsìkò òjò ló dára fún un, torí èèpo ń ṣí nírọ̀rùn nígbà náà. Ara igi tó ń so dáadáa ni wọ́n ti gé ẹ̀ka olójú, èyí tó rí róbótó tó sì nípọn tó pẹ́ńsùlù. Wọ́n gé ewé rẹ̀ kúrò, wọ́n fi igi ewé sílẹ̀ bí ọwọ́ ìdìmú, wọ́n wé e sínú aṣọ tútù.

Wọ́n la èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù bíi lẹ́tà T tó dorí kodò, kí omi òjò má baà ráyè wọlé láti òkè, wọ́n ti ojú náà bọ abẹ́ èèpo láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọ́n sì fi ọ̀já ọ̀rá dì í pinpin, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè pẹ̀lú. Ojú méjì lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kọkànlélógún wọ́n tú u. Igi ewé tó bá já bí a ṣe fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ yè. Èyí tó gbẹ tó sì lẹ̀ mọ́ ọn, ojú rẹ̀ kú. Mẹ́ta yè, ẹyọ kan kú. Ọ̀já tirẹ̀ ti dẹ̀, omi sì ti wọlé.

Lẹ́yìn náà wọ́n gé ẹ̀ka lẹ́mọ́ọ̀nù dé ìdajì nínípọn rẹ̀ ní 15 sẹ̀ǹtímítà lókè ojú tó yè, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ kalẹ̀. Ojú ìsàlẹ̀ á jí, ewé tó tẹ̀ sílẹ̀ á ṣì máa bọ́ gbòǹgbò. Ọwọ́ Ọwẹ́wẹ̀ ni wọ́n tó gé e kúrò pátápátá.

Ewúrẹ́ ṣẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta ní Ọ̀wàrà. Ó yẹ kí wọ́n ti fi ẹ̀gún bougainvillea tí wọ́n gé ṣe ọgbà yí i ká látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀ẹ̀rùn àti èyí tó tẹ̀lé e

Láti ìparí Ọ̀wàrà, kò sí ẹni tó gbé sísọ́ọ̀sì mọ́. Ewé gbígbẹ ni wọ́n tẹ́ síbi tí gbòǹgbò wà, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, wọ́n sì fi àyè tó tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ìtì. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 méjì lọ́sẹ̀ kan, nírọ̀lẹ́, títí òjò fi padà. Wọ́n tún ìtì kùn ní funfun ní Ọ̀pẹ.

Ibi tí àfòmọ́ ti ń wá ṣì wà: igi obì kan lẹ́yìn ògiri. Ìyá lọ bá onílé kejì. “Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àfòmọ́ orí obì yín ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá a yín gé e kó tó so.” Bàbá náà gbà, ó ní òun náà ti ń rí i pé obì òun ń gbẹ lórí. Bí wọn kò bá gé ti ẹ̀yìn ògiri, ẹyẹ á kàn máa gbé e padà wá ni.

Ní Ẹrẹ́nà 2025 ẹ̀ka ọsàn náà tanná. Wọ́n jẹ́ kó so, wọ́n sì fi ọwọ́ yọ èyí tó pọ̀ jù nígbà tó ṣì kéré bí ẹ̀wà, kí ẹ̀ka má baà ṣẹ́. Ọsàn mẹ́rìnlélógún ló gbó ní Bélú, èèpo fẹ́lẹ́, omi dídùn. Ojú méjì tí wọ́n lọ́ ti ga ju mítà kan lọ, wọn kò tíì so. Wọ́n ti gé ṣóńṣó wọn kí wọ́n lè pẹ̀ka mẹ́ta-mẹ́ta. Ibi tó rà nínú ìtì kò tíì bò tán, ẹnu rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ká ọsàn náà, èéhù lẹ́mọ́ọ̀nù méjì tún ti yọ lábẹ́ ìlà. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó fọ́ ewé wọn gbóòórùn, ó sì fi ọwọ́ ya wọ́n dànù.